Gíga Ọkọ̀ Sí Ilẹ̀: Ìtàn Sípíríǹgì àti Ẹsẹ̀ Mọ́tò ní Agbègbè Ilé-Ogbó àti Ìwó

Ilé-Ogbó, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ìlú àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìwó, irú ìlú tí ohun tí wọ́n kórè kò lè di owó àfi bí ó bá kúrò lóko, tí ó gba ojú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa kọjá, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò. Nítorí ìdí èyí, ìtàn mọ́tò ní agbègbè náà so mọ́ ìtàn bí a ṣe ń gbé ara ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń wá ọ̀nà tipẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi sún mọ́ ilẹ̀ sí i, nígbà tí àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo ń wá ọ̀nà tí yóò fi jìnnà sí i. Ìmọ̀ kan náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òkè òkun nìkan ni ìwé sábà máa ń kà sí ìmọ̀.

Àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá ń pe gbogbo ohun tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú ẹsẹ̀ yìí ni sípíríǹgì wà, tí ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀kì wà, ìyẹn àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ tí òróró wà nínú rẹ̀, tí ó ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa mì lọ mì bọ̀ lẹ́yìn tí táyà bá ti jáde nínú kòtò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn apá irin, bọ́ṣì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì tí ó ń darí bí táyà ṣe ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Gíga ọkọ̀, bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni àlàfo tí ó wà láàárín abẹ́ ọkọ̀ àti ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ̀lú ẹrù tí a fẹ́ kí ó gbé. Kí a má fi ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ṣeré, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ga ní òfìfo lè máa fi ikùn họ ilẹ̀ nígbà tí àpò kòkó bá kún ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí mọ́tò tó dé, orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà. Ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n ojú kan ni irin ń gbà, alárùú ni ó sì ń ru ẹrù láti oko dé ẹ̀bá rẹ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ìjọba amúnisìn là ní nǹkan bí 1906 nígbà tí Captain Elgee jẹ́ aṣojú ìjọba ní Ìbàdàn, ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún un ṣe di iṣẹ́. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje, oníṣòwò pàtàkì, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ní mọ́tò tirẹ̀, ní 1915, ó sì di ẹni tí ó ń fi lọ́rì kó ẹrù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni lọ́rì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí wọ àwọn ọ̀nà inú ìgbèríko, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ti Ford.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Ford Model T, tí a ṣe láti 1908 sí 1927, tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀nà tirẹ̀ náà kún fún ẹrẹ̀ nígbà yẹn, ni Henry Ford ní lọ́kàn, ìdí nìyí tí mọ́tò náà fi ga sókè, tí ó sì jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ méjì péré, ọ̀kan tí a fi dábùú iwájú àti ọ̀kan tí a fi dábùú ẹ̀yìn, tí ó fi jẹ́ pé táyà kan lè gun òkìtì láì ṣe pé àwọn yòókù fi ilẹ̀ sílẹ̀. Gíga yìí bá àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá mu, ṣùgbọ́n a kò ṣe é nítorí wọn. Bí ọ̀nà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ń di ọlọ́dà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ń rẹ ọkọ̀ wọn sílẹ̀, títí ọkọ̀ tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ kò fi bá ọ̀nà Ìwó mu mọ́. Àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún àti ọ̀nà tí ó wà níhìn-ín ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé wọlé sí.

Lọ́rì ni ó kọ́kọ́ kọ́ wọn. Láti àwọn ọdún 1930 títí di ẹ̀yìn òmìnira, Bedford, Austin àti Morris láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ojú ọ̀nà, tí púpọ̀ nínú wọn ń dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti férémù irin nìkan, tí àwọn káfíńtà ìbílẹ̀ yóò wá fi pákó kan ara sí i lórí, tí yóò fi gba èrò àti ẹrù pọ̀. Èyí ni bọ̀lẹ̀kájà. Pákó náà wúwo, ẹrù tí wọ́n sì ń dì sínú rẹ̀ wúwo jù ú lọ. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ni ó ń wọ tọ́ọ̀nù kan, tí ó fi jẹ́ pé ọgọ́rin àpò ni ó tọ́ sí lọ́rì tọ́ọ̀nù márùn-ún, ṣùgbọ́n òwò kòkó ní ìgbà tí owó rẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí ní àwọn ọdún 1950 kò fàyè gba awakọ̀ tí yóò máa ka àpò bẹ́ẹ̀, àgàgà nígbà tí òjò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀nà jẹ́ tán.

Sípíríǹgì irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ bí ọrun, tí a tò lé ara wọn láti èyí tí ó gùn jù dé èyí tí ó kúrú jù, tí a fi bóòtù kan gún ní àárín, tí a sì fi irin mìíràn há mọ́ ìdí táyà; irin tí ó gùn jù, tí a ká etí rẹ̀ méjèèjì, ni ó so mọ́ férémù ọkọ̀. Bí ẹrù bá wọlé, irin náà á tẹ́. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, á tún tẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n irin tí a di ẹrù rù ju agbára rẹ̀ lọ lọ́jọ́ gbogbo kì í padà sí ipò rẹ̀ mọ́: yóò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́ kan àárín ọ̀nà, níbi tí táyà àwọn lọ́rì mìíràn ti gbẹ́ ìhà méjèèjì jìn. Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wà. Èkíní ni kí mẹkáníìkì fi irin kan tàbí méjì kún èyí tí ó wà níbẹ̀, èyí tí yóò gbé ọkọ̀ sókè tí yóò sì tún mú kí sípíríǹgì le. Èkejì ni kí a tú gbogbo rẹ̀, kí a gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ yìí kan alágbẹ̀dẹ lára jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ń yí padà. Ní 1904, C. V. Bellamy, tí ó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde ní Èkó, kọ àlàyé kíkún lórí àwọn tí ó ń yọ́ irin láti inú òkúta ní Ọlá-Igbi ní ìhà Ọ̀yọ́, àlàyé tí ó ṣe pàtàkì nítorí pé láìpẹ́ sí ìgbà náà ni irin tí ó ń ti òkè òkun wá pa iṣẹ́ ìyọ́rin ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń rọ kò dá dúró. Ibi tí irin rẹ̀ ti ń wá ni ó yí padà. Nígbà tí mọ́tò gbilẹ̀, sípíríǹgì tí ó kán di ohun tí wọ́n ń du lọ́wọ́ ara wọn, nítorí pé irin rẹ̀ le, ó sì ń gba ojú mímú ju irin rírọ̀ tí a fi ń kọ́lé lọ, tí ó fi jẹ́ pé àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ tí àgbẹ̀ ń lò nínú oko kòkó lè jẹ́ irin tí ó ti gbé kòkó kan náà lọ sí Ìbàdàn rí. Àwọn awakọ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ sì tún pàdé lọ́dọ̀ Ògún, tí í ṣe òrìṣà gbogbo ẹni tí ó ń fi irin ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti gbilẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè Ìwó.

Títẹ sípíríǹgì padà kì í ṣe iṣẹ́ òòlù lásán. Irin sípíríǹgì ń rí agbára rẹ̀ nínú bí a ṣe gbóná rẹ̀, tí a rì í sínú òróró kí ó lè le, tí a sì tún yá a lábẹ́ iná díẹ̀ kí ó má baà kán bí àwo. Ẹni tí ó bá fi iná sun ún títí tí ó pọ́n, tí ó sì jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, ti sọ ọ́ di irin tí yóò tún rọlẹ̀ kí òjò kan tó kọjá. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ mọ èyí láti ara àwọ̀ irin, láì ní ohun èlò tí ń wọn ooru, nítorí pé irú ìmọ̀ náà ni ó ti ń lò fún ojú àdá.

Ní òkè òkun, ìmọ̀ nípa sípíríǹgì gba inú ìwé wá. Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1678 pé bí ẹrù tí ó wà lórí sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tẹ̀ tó, òfin kan tí ó wà lábẹ́ gbogbo ìṣirò gíga ọkọ̀ títí dòní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Obadiah Elliott gba ìwé àṣẹ lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ fún ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1930, Maurice Olley, tí ó ti ilé iṣẹ́ Rolls-Royce lọ sí General Motors ní Amẹ́ríkà, fi ìdánwò hàn pé ó dára kí sípíríǹgì iwájú rọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí pé iwájú ni ó máa ń kọ́kọ́ kan gegele, tí ẹ̀yìn bá sì ń yára mì jù ú lọ díẹ̀, yóò bá a kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí jó bíi páńsá lójú omi. Awakọ̀ bọ̀lẹ̀kájà tí kò ka ìwé Olley mọ apá kan nínú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé lọ́rì tí a ti fi irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí kòkó yóò máa fò sókè bí ó bá ń padà bọ̀ láti Ìbàdàn ní òfìfo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa yọ́ lọ ní ibi tí ọ̀nà bá ti yí.

Àwọn ọdún 1970 mú ọkọ̀ mìíràn dé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, ìyípadà tí ó rọrùn fún àwọn ọkọ̀ Faransé àti Jámánì ju àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Nínú gbogbo wọn, Peugeot 504, tí ó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, ni ó fi àmì sílẹ̀ jù lọ nínú ìtàn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Sípíríǹgì lílọ́, ìyẹn irin róbótó tí a lọ́ yíká, ni ó gbé iwájú rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó gùn, tí a fi ń kó èrò káàkiri ìlú sí ìlú, ní mẹ́rin lẹ́yìn, méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè gbé èrò àti ẹrù wọn láì wọ́ ìdí nílẹ̀. Ojú ọ̀nà burúkú ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni 504 ti gba orúkọ nínú eré ìje: Ove Andersson fi í gba ipò kìn-ín-ní nínú Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975, Jean-Pierre Nicolas sì fi oríṣi rẹ̀ tí ó ní ẹnu ọ̀nà méjì gba á ní 1978. Nínú irú eré báyìí, ọkọ̀ ìje náà ga: a máa ń gbé e sókè, a máa ń fún sípíríǹgì ní àyè gígùn láti rìn, a sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tí ó nípọn sí i, nítorí pé ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ bá fọ́ lórí òkúta kò ní parí eré. Ohun tí àwọn oníṣirò ilé iṣẹ́ Peugeot ṣe fún Safari kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mẹkáníìkì gáréèjì ń ṣe fún 504 tí ó ń ná Ìwó sí Ìbàdàn.

Ní 1978, wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ tí ó gbé èrò láti Ìwó Road ní Ìbàdàn sì lè sá eré tí kò ṣeé sá tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro tí àwọn olùṣe ọkọ̀ ìje ti ń bá jìjàkadì tipẹ́ ti yọjú sí àwọn awakọ̀ wa. Bí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí bá ṣe ga sí ilẹ̀ tó ni ọkọ̀ yóò ṣe fẹ́ dojú dé tó nígbà tí a bá yí sítíárìn lójijì. Ọkọ̀ tí a gbé sókè fún ọ̀nà oko, tí a tún di ẹrù lé ní orí, di ewu nígbà tí ó bá ń sáré lórí ọ̀dà. Ẹ̀rọ kan náà ni, ọ̀nà méjì ni ó ń rìn ní ọjọ́ kan náà, kò sì sí gíga kan tí ó tọ́ fún méjèèjì.

Ní ọdún 1978 kan náà ni Lotus 79, ọkọ̀ ìje tí Colin Chapman ṣe, gbé Mario Andretti dé ipò aṣẹ́gun àgbáyé nínú Formula One. Abẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá fi ń fà á mọ́ ilẹ̀, bí ó bá sì ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó ni ìfà náà ṣe ń lágbára tó. Ewu rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1981 àwọn aláṣẹ eré náà pàṣẹ pé àlàfo abẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Gordon Murray, tí ó ń ṣe ọkọ̀ fún Brabham, fi ọgbọ́n àyínìke kọjá òfin náà: ó ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó ga tó ìwọ̀n nígbà tí ó bá dúró níwájú àwọn tí ń wọn ọ́n, ṣùgbọ́n tí ìfà afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ó bá ti sáré. Nelson Piquet fi ọkọ̀ náà gba ife àgbáyé ní ọdún yẹn. Àwọn awakọ̀ tí ó ti fi ọgbọ́n bá àwọn ayẹ̀kọ̀wò lò rí lórí ọ̀nà Òṣogbo kò ní ṣàìmọ irú ènìyàn tí Murray jẹ́.

Ohun tí ó ya ọkọ̀ ìje gidi sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí a fi ọwọ́ gbé sókè ni pé a ti ya gíga rẹ̀ kúrò lára líle rẹ̀. Lára ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ìje ni a ti la ojú ìdè bíi ti bóòtù sí, tí òrùka kan wà níbẹ̀ tí sípíríǹgì jókòó lé. Bí a bá yí òrùka náà, igun ọkọ̀ yẹn á gòkè tàbí á rẹlẹ̀, sípíríǹgì kò sì ní le tàbí kí ó rọ̀ ju bí ó ti wà lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n mẹ́rin, pẹ̀lú awakọ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, a ó sì máa yí òrùka wọ̀nyí títí ìwúwo yóò fi pín bí ó ti yẹ láàárín igun kan àti èkejì, nítorí pé ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ wọ́ sí igun kan yóò máa yí sí ìhà kan dáadáa ju ìhà kejì lọ. A ó wá wo bí orí táyà ṣe yẹ̀ sínú tàbí síta, àti bóyá iwájú àwọn táyà méjèèjì kọjú síra wọn tàbí wọ́n ya, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní àláínmẹ́ǹtì, kí a tó fa ṣọ́ọ̀kì le bí ó ti yẹ. Gíga ni ó ń ṣáájú, nítorí pé gbogbo ìwọ̀n yòókù ń yí padà bí gíga bá ti yí.

Irú òrùka yìí kò sí lára ọkọ̀ tí ó gba ọjà lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 sọ mọ́tò tuntun di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó mọ́. Tókunbọ̀ ni ó gba ipò 504, ọkọ̀ àlòkù tí púpọ̀ nínú rẹ̀ gba èbúté Kútọnu wọlé, kí ìjọba tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Toyota Camry àti Honda Accord, títí kan àwọn tí ìgboro sọ ní Baby Boy àti End of Discussion, ni a ṣe fún ọ̀nà ọlọ́dà Amẹ́ríkà, wọ́n sì rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀nà tí òjò ti gbẹ́, mẹkáníìkì á ki rọ́bà bọ àárín sípíríǹgì, tàbí kí ó fi irin kún orí rẹ̀, tàbí kí ó wá sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn tí ó gùn jù ú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn rí bíi ti ìje ní tiwọn á ní kí a gé sípíríǹgì náà kúrú.

Iṣẹ́ méjèèjì ní ohun tí ó ń fà lẹ́yìn. Rọ́bà tí a ki bọ àárín sípíríǹgì ń di ọ̀kan nínú àwọn ìlọ́ rẹ̀ mú, sípíríǹgì tí a gé sì ní ìlọ́ tí kò pọ̀ mọ́. Bí ìlọ́ bá sì ṣe kéré tó ni irin kan náà ṣe ń le tó. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú rọ́bà àti ẹni tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ayùn ti sọ ọ́ di líle, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tí a ṣe fún sípíríǹgì rírọ̀ kò sì ní lè dá a lẹ́kun dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, bí ó bá ga jù, ọ̀pá ṣáàfù tí ó ń gbé agbára lọ sí táyà yóò máa yí ní ìtẹ̀ tí a kò ṣe é fún, rọ́bà tí ó bo jọ́ìǹtì rẹ̀ á ya, ìyanrìn á sì wọlé. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kan òpin ìrìn rẹ̀ ní gbogbo kòtò, etí inú táyà á sì jẹ tán ṣáájú etí òde.

Mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ ìgbà lọ́rì ní àǹfààní kan tí ti òde òní kò ní: wọ́n mọ ẹrù kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin, nítorí pé awakọ̀ yóò ti sọ fún wọn bóyá kòkó, èrò tàbí pákó ni lọ́rì náà ń gbé àti ọ̀nà tí ó ń gbà. Onímọ́tò ayé ìsinsìnyí máa ń sọ fún mẹkáníìkì pé kí ó ṣáà gbé e sókè, mẹkáníìkì á sì gbé e. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ní Ilé-Ogbó, Kúta, Olúpọ̀nnà àti Ìwó máa kọ́ ọmọṣẹ́ wọn láti béèrè ẹrù àti ọ̀nà, kí wọ́n fi téèpù wọn gíga igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kan, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ibi àláínmẹ́ǹtì kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́.